Gbogbo Ibi Tí Iṣẹ́ Ìjọba Gbé Akíndèjì Dé

Bí ẹ bá gba òpópónà wa kọjá ní Openshaw, nílùú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, tó so táì mọ́rùn, tó ń rìn bí ẹni pé mẹ́séńjà kan ń ru báàgì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, Akíndèjì Odùṣọ̀gà nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni. Ilé tirẹ̀ àti tèmi dojú kọra, ìjọ kan náà la ń lọ, ẹgbẹ́ sì ni wá. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, òun fúnra rẹ̀ ló sọ díẹ̀ fún mi, èyí tó kù, Olúfúnmi ìyàwó rẹ̀ ló wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí.

Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba nítorí pé wọn ò rí òmíràn ṣe. Ti Akíndèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ló ṣe fẹ́ràn òfin ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ṣe òfin pé ẹran ọ̀sìn kankan kò gbọdọ̀ rìn kiri láàárín ọjà mọ́. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún òfin náà, wọ́n sì padà sílé lọ tú ewúrẹ́ wọn sílẹ̀. Akíndèjì nìkan ló rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ewúrẹ́ àkọ́kọ́ tó mú, ti ìyá alága ni. Wọ́n ní kó tú u sílẹ̀, ó ní kí olówó ẹran wá gbà á fúnra rẹ̀. Ìyá kò wá. Alága ló wá. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi gbé Akíndèjì lọ sí ìlú kan lẹ́bàá bodè, níbi tó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe sọ, èdè Faransé ni àkùkọ fi ń kọ.

Ó dé ọ̀hún, ó tún rí òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò pa mọ́. Wọ́n tún gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kiri, àpótí aṣọ rẹ̀ kì í tú tán kí wọ́n tó ní kó tún un dì. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ẹ́ náà ni ipò rẹ̀ ń ga, nítorí ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ ni ipò ńlá ti máa ń ṣófo. Kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti di olórí òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ó ní mẹ́séńjà. Ó ní agogo lórí tábìlì, bó bá lù ú, ẹnìkan á dáhùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Olúfúnmi rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester.

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yanjú láàárín wọn. Akíndèjì ní òun kò lè fi ipò òun sílẹ̀ lọ máa jókòó sílé obìnrin. Olúfúnmi jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Obìnrin náà kì í pariwo, wọ́ọ̀dù ló ti kọ́ ọ.

Ó ní, “Dádì Àánú, mo tẹ̀ lé yín dé ibi tí àkùkọ ti ń kọ ní Faransé. N ò bi yín léèrè kan. Àwọn ọ̀gá tèmi náà ló gbé mi báyìí. Ó kan ẹ̀yin náà láti tẹ̀ lé mi.”

Akíndèjì wá ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, kò rí i. Lọ́dún 2017, òun, Olúfúnmi àti Àánúolúwa ọmọ wọn kan ṣoṣo balẹ̀ sí Manchester.

Kò rí ọ́fíìsì lọ, ṣùgbọ́n kò yé múra. Láràárọ̀ ni èmi náà ń wò ó láti ojú fèrèsé mi, á so táì, á nu bàtà, á sì kọrí sí ilé ìkàwé, níbi tó ti ń ka òfin kánsù bí ẹni ń ka Sáàmù. Àwọn ará ìjọ gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó tàbí kó wá iṣẹ́ sí wéáháòsì. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ kankan. Ó lọ sí wéáháòsì náà. Wọ́n ní kó máa to páálí. Kò tíì to páálí púpọ̀ tó fi pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa wọlé àti bó ṣe yẹ kí wọ́n máa jáde. Wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ná.

Kánsù tó padà gbà á síṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kánsù pọ̀ ní agbègbè Manchester yìí, ẹni tó bá mọ Openshaw á mọ èyí tó ni òpópónà wa. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó máa ń yẹ bin ìdọ̀tí wò. Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kó sọ ìgbà kan tó bá oníbàárà tó le pàdé àti bó ṣe yanjú rẹ̀. Akíndèjì sọ ìtàn ewúrẹ́ ìyá alága fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi bí ewúrẹ́ ṣe ń ké hàn wọ́n. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sí àárín rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka náà. Tabitha Akínwálé ni orúkọ rẹ̀. Salford ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Akíndèjì wọlé.

Wàhálà àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ dé ìdí bin. Ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Tabitha kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Akíndèjì lè bí i. Ìyá Tabitha sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ojú àgbà kọ́ ni wọ́n ń dúró gbagidi sí. Ní ti Akíndèjì, ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló jókòó sórí àga. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Akíndèjì dìde, ó tẹrí ba, ó ní, “Good morning, ma.” Tabitha ṣẹ́ eékún díẹ̀, ó ní, “Good morning, sir.” Akíndèjì rí i pé ọ̀gá òun ń kúnlẹ̀ fún òun, ara rẹ̀ kò gbà á, ó tún tẹ̀ sílẹ̀ sí i. Tabitha rí i pé àgbàlagbà ń tẹrí ba fún òun, òun náà tún lọ sílẹ̀ sí i. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òyìnbó kan fi dìde láti ìdí tábìlì rẹ̀ wá béèrè ohun tó já bọ́, kí òun lè bá wọn wá a.

Tabitha ló wá ojútùú sí i. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, “Uncle, ẹ gbọ́. Inside this building, èmi ni manager. Once we're out that door, ẹ̀yin ni Uncle. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Akíndèjì ní òfin tó dára ni, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Bin mẹ́rin ni wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ìwé àti páálí ni ti búlúù, ìgò àti agolo ni ti búráùn, èèpo àti àjẹkù oúnjẹ ni ti gíríìnì, gbogbo ìranù tó kù ni ti dúdú. Kí ọkọ̀ ìdọ̀tí tó dé, Akíndèjì á ti gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn àwọn ilé, á ṣí ìdérí, á yọjú wo inú. Bó bá rí ohun tí kò yẹ, á lẹ sítíkà pupa mọ́ ọn lára, ọkọ̀ kò sì ní gbé e. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀ a máa lẹ díẹ̀, wọ́n a sì máa fojú fo díẹ̀. Akíndèjì kò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo nǹkan. Ó wọ ẹ̀wù ofeefee tó ń tàn yanran náà lé kóòtù àti táì lórí, ó sì ń ṣí bin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣí àṣírí ọba.

Ní ìjọ wa, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Àwọn tó ní ẹ̀rí ọkàn á wá bi í lẹ́yìn ìsìn pé agolo tómátì tí epo ṣì wà nínú rẹ̀ ńkọ́. Àwọn tí kò ní á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ wàásù lórí ohun ìkọ̀kọ̀ tí a óò ṣí payá, mo sì bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé Akíndèjì ni gbogbo ìjọ ń wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tilé nìyí. Olúfúnmi se mọ́ínmọ́ín fún ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ewé ló fi dì í, nítorí ó ní mọ́ínmọ́ín inú agolo kì í ṣe mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó kó ewé náà bọ̀ wálé. Bin gíríìnì ti kún. Ó ti rẹ obìnrin náà, ó sì fẹ́ sùn kó tó lọ síṣẹ́. Ó ki gbogbo ewé bọ inú bin búlúù, ó fi páálí kan bò ó lórí.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá, Akíndèjì yẹ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wò láti òkè wá, títí ó fi kan bin ilé tirẹ̀. Ó lè fò ó. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó ṣí i, ó gbé páálí kúrò, ó rí ewé. Ó sọ fún mi pé òun dúró síbẹ̀ bí Ábúráhámù tó fẹ́ fi Ísáákì rúbọ, ṣùgbọ́n bí òun ṣe wo ọ̀tún wo òsì tó, òun kò rí àgbò kankan nínú igbó. Ó lẹ sítíkà náà. Àwọn tó ń gbé ìdọ̀tí dé, wọ́n mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi bin sílẹ̀, wọ́n lọ. Àkókò ooru ni. Ọkọ̀ kò sì ní padà wá títí di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ewé mọ́ínmọ́ín nínú oòrùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi òórùn rẹ̀ yangàn. Eṣinṣin dé láti òpópónà mìíràn. Olúfúnmi rí sítíkà pupa náà, ó rọra ṣí i kúrò lára bin, ó mú un wọlé. Èyí ló kọ́kọ́ ba Akíndèjì lẹ́rù. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àwo de àwo, ó fi ife omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Akíndèjì fọwọ́, ó gbàdúrà, ó ṣí àwo. Òfìfo ni. Sítíkà pupa ló lẹ̀ mọ́ ọn láàárín.

Olúfúnmi ní, “Dádì Àánú, mo yẹ oúnjẹ yín wò, mo rí i pé nǹkan mìíràn ti dàpọ̀ mọ́ ọn. A ò lè gbé e fún yín. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì.”

Ilé mi ló ti jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, àti ti ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó tèmi bi mí bóyá àwa náà ti di ìjọba ìbílẹ̀. Mo lọ bá Pásítọ̀. Pásítọ̀ pè wọ́n jọ, ó bi Akíndèjì bóyá òótọ́ ni. Akíndèjì ní òótọ́ ni, pé òfin kò mọ ọkọ, kò mọ aya. Pásítọ̀ ní òfin náà ńkọ́, ṣé ó mọ ebi? Akíndèjì ronú sí i, ó ní ó mọ̀ ọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n wá fi ẹnu kò pé láti ọjọ́ náà lọ, Akíndèjì fúnra rẹ̀ ni kó máa to ìdọ̀tí ilé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó máa gbé bin jáde, kó sì máa gbé e wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣi í ṣe mọ́. Olúfúnmi kò fọwọ́ kan bin mọ́ títí di òní. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà bóyá kì í ṣe ibi tí obìnrin náà ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi àwọn òpópónà mìíràn kún tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé kánsẹ́lọ̀ kan wà, obìnrin òyìnbó kan tó fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó polongo ìbò. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Akíndèjì mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni. Ó ṣí bin búlúù, ó rí ìlédìí ọmọ wẹ́wẹ́. Ó lẹ sítíkà, ó tún un lẹ̀ dáadáa, ó sì wá sílé wá sọ fún Olúfúnmi pé kó gbé àpótí aṣọ òun sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Olúfúnmi béèrè ibi tó ń lọ. Ó ní òun kò tíì mọ̀, ó lè jẹ́ Scotland. Ó pe Àánúolúwa, tó ti wà ní yunifásítì ní Salford nígbà náà, ó súre fún un, ó ní kó máa tọ́jú ìyá rẹ̀.

Kánsẹ́lọ̀ dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Akíndèjì rí i, ó dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ gún régé, ó dúró de ìdájọ́. Obìnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó má bínú, ọmọ òun ló wá kí òun pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, tí kò mọ bin tó yẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ ya fọ́tò, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ rèé.

Akíndèjì wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ náà, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo rò pé wọ́n ti lé e ni. Ó jókòó, ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó mi orí.

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, bí wọn ò bá fìyà jẹ ènìyàn ní ìlú yìí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́ dáadáa?”

Mo ní kó mu tíì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kánsù tún ẹ̀ka wọn tò, wọ́n ní àwọn kò ní máa rán ẹnikẹ́ni yẹ bin wò mọ́. Tabitha pe Akíndèjì, ó rọra ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ fún un pé wọ́n ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú Akíndèjì fi tàn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kánsẹ́lọ̀ ni. Tabitha ní kì í ṣe kánsẹ́lọ̀, ètò tuntun ni, wọ́n ń gbé òun alára lọ síbẹ̀ láti jẹ́ ọ̀gá. Akíndèjì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó yé òun, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé wọ́n ti gbé òun kúrò níbi iṣẹ́ nítorí òdodo. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pàtẹ́wọ́ látọkàn wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ bin ti tán.

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó náà ni wọ́n ti ń sọ àwọn àjèjì di ọmọ ìlú. Iṣẹ́ Akíndèjì ni láti to àga, láti mú àwọn ènìyàn jókòó, àti láti pe orúkọ. Ní ti ìgbéyàwó, ó kọ́kọ́ fa wàhálà díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń so wọ́n pọ̀ á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra. Àwọn yòókù máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Akíndèjì, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, gbà pé ìbéèrè ni, ìbéèrè sì yẹ kó rí èsì. Á máa wo àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn, á dúró díẹ̀ sí ojú ẹni tó bá ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ kan, ó wo ìyá ọkọ ìyàwó títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí ìyàwó náà sì ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Tabitha ní kó jọ̀wọ́, bí wọ́n bá dé ibẹ̀ kó máa wo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ pípè, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọlé, Akíndèjì á lọ bá a níbi tó jókòó sí, á bi í pé báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nílé. Á pè é tẹ̀ lé e, á tún un pè, títí ẹni náà á fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Eritrea, àwọn ará Ṣáínà, àwọn ará Iran, gbogbo wọn ló gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu Ìjẹ̀bú kan, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń pè.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tó ń sọ aráyé di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì yìí, òun alára kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Mo fi ṣe é yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní bí Mósè náà ṣe rí nìyẹn, ó kó àwọn ènìyàn lọ, òun dúró lórí òkè, ó ń wo Kénáánì. Olúfúnmi gbọ́ láti kíṣìnnì, ó ní Mósè kò fẹ́ nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún tí òfin là sílẹ̀ fún wọn pé, Olúfúnmi ló ṣe gbogbo ètò, wọ́n sì pe òun àti ọkọ rẹ̀ wá búra, nínú gbọ̀ngán tí ọkọ rẹ̀ ti ń to àga. Tabitha kìlọ̀ fún un ṣáájú pé àlejò ni lọ́jọ́ náà, kó kàn jókòó, òyìnbó kan láti yàrá kejì ló máa pe orúkọ. Èmi àti ìyàwó mi wà níbẹ̀, Àánúolúwa náà wà níbẹ̀. Olúfúnmi wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ omi ọsàn. Akíndèjì wọ kóòtù rẹ̀. Kí ó tó jókòó, ó ti tún ìlà àga méjì tò. Tabitha wò ó láti iwájú, Akíndèjì wá jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń búra, ohùn rẹ̀ ló bo ti gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí, ó máa ń parí gbólóhùn kí ẹni tó ń darí wọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kọjá. Ó wá kan orúkọ. Òyìnbó náà pe èkíní, kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un pè lọ́nà mìíràn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Arábìnrin kan láti Vietnam ló ni ín, ó jókòó sí iwájú mi, ó ń wò yíká láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ó pe èkejì, ọkùnrin méjì ló dìde. Akíndèjì ti fẹ́ dìde. Mo rí i tí Olúfúnmi na ọwọ́, tó di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Òyìnbó náà ń làágùn, ó wo Tabitha. Tabitha wo àjà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlà wa, nínú ilé ìjọba gan-an, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Akíndèjì.

Ó ní, “Uncle, ẹ jọ̀ọ́.”

Akíndèjì kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀, ó lọ sí iwájú, ó kí gbọ̀ngán, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àwọn ènìyàn ń dìde bí ẹni tí ìyá wọn pè láti kíṣìnnì. Ó pè wọ́n lọ títí ó fi kan ibi kan, ó dákẹ́, ó wú ikọ́, ó ní, “Akíndèjì Odùṣọ̀gà.” Ó gbójú sókè, ó wo gbọ̀ngán yíká bí ẹni pé ó ń wá ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ó kúrò nídìí tábìlì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri padà sí àga rẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó dáhùn pé òun rèé, ó sì gba àárín gbọ̀ngán lọ gba ìwé rẹ̀. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Aṣojú Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń pín ìwé náà, bàbá arúgbó kan tó kọ́ àmì ẹ̀yẹ sáyà, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bi í bóyá òṣìṣẹ́ ni tàbí ọmọ ìlú tuntun. Akíndèjì ní àwọn méjèèjì ni, pé òṣìṣẹ́ ń padà bọ̀ láìpẹ́. Ó padà sídìí tábìlì.

Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ti ìyàwó rẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni Olúfúnmi Odùṣọ̀gà. Ó wò ó, ó gbé ìwé náà sílẹ̀.

Ó ní, “Olúfúnmi Àbẹ̀kẹ́ Odùṣọ̀gà.”

Olúfúnmi, tí kì í pariwo, tí kì í tètè sunkún, dìde, ó sì gbàgbé ibi tó ń lọ. Dípò kó lọ sí ọ̀dọ̀ Aṣojú Ọba, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń lọ. Akíndèjì ló fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn yòókù.

Nígbà tó parí, Tabitha ní òun máa fún gbogbo wa ní oúnjẹ, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rusholme, sí ilé oúnjẹ kan ní Wilmslow Road tí wọ́n ti ń yan ẹran lórí ẹyín iná. Nínú bọ́ọ̀sì, Olúfúnmi bi ọkọ rẹ̀ pé oríkì òun tí kò pè láti ìgbà tí wọ́n ti bí Àánú, níbo ló ti wá rí i. Akíndèjì ń wo ìta, ó ní kò sọnù, àyè rẹ̀ ni kò tíì ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí dírẹ́bà fi wò wá nínú dígí.

A jẹun, a yó. Ṣùgbọ́n Olúfúnmi ní iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà, kò sì gbà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Ilé ìwòsàn wọn kò jìnnà síbẹ̀. Akíndèjì gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ ọ sí apá kóòtù rẹ̀, wọ́n jọ rìn lọ. Àánúolúwa tó tẹ̀ lé wọn ló sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, bàbá òun sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé ọmọ ìlú tuntun rèé, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà, ọmọ Ṣàgámù ni, ó ní, “Wọ́n ti ń kọjá níbí láti ọdún méje, sà, ẹ̀yin gan-an ni n ò mọ̀.” Akíndèjì ní òun ni ọkọ rẹ̀, ó gbé báàgì fún ìyàwó rẹ̀, ó dúró títí obìnrin náà fi wọlé, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.